Ẹni Tó Ṣí Géètì Àárín

Ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá ni ọmọbìnrin rẹ̀ di ọ̀gá ilé ẹṣin. Kò sẹ́ni tó yàn án sípò. Kò kúkú sí ẹlòmíràn tó máa ṣe é. Ìyá rẹ̀ ti kú tipẹ́, òun nìkan sì ni bàbá bí. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wọn wá kọ́ ẹṣin gígùn ń pè é ní Ọ̀gá Kékeré, torí pé Ọ̀gá Àgbà ṣì wà láàyè nínú yàrá iwájú, bí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tilẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, tí ọ̀rọ̀ sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀gá Kékeré ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì nígbà náà. Ewú ti ń yọjú létí rẹ̀, síbẹ̀ Kékeré ni wọ́n ń pè é.

Ẹṣin mọ́kànlá ló wà nínú ilé náà: abo márùn-ún, ọ̀dá mẹ́fà. Akọ ẹṣin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tí kò lè bímọ mọ́, òun ni wọ́n ń pè ní ọ̀dá. Odindi akọ kò sí níbẹ̀ rárá, torí ọmọdé ló ń gun ẹṣin wọn. Pápá méjì ló wà lẹ́yìn ilé. Ọgbà onígi kan ló là wọ́n láàárín, géètì irin kan sì wà lára ọgbà náà, pẹ̀lú àgádágodo tó ti dípẹtà. Òfin bàbá lórí géètì yẹn kò lábùlà: "Ọ̀dá lọ́tùn-ún, abo lósì. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀, kó lọ wáṣẹ́ síbòmíràn." Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní kékeré, ó béèrè ìdí rẹ̀. Bàbá ní, "Torí mo ní bẹ́ẹ̀." Nígbà tó dàgbà, ó tún béèrè. Ìdáhùn kan náà ló gbà.

Ẹni kan ṣoṣo tó kù tó mọ ilé náà bí bàbá ṣe mọ̀ ọ́n ni olùtọ́jú ẹṣin tí gbogbo ayé ń pè ní Pẹ̀lẹ́. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò sẹ́ni tó rántí mọ́. "Pẹ̀lẹ́" ló máa ń sọ fún ẹṣin tó bá fẹ́ wọlé sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, "pẹ̀lẹ́" ló máa ń sọ fún èyí tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kódà bí ẹṣin bá ta á nípàá, "pẹ̀lẹ́" náà ni, bí ẹni pé itan òun ló ṣe ẹsẹ̀ ẹṣin léṣe. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó ti gbé Ọ̀gá Kékeré pọ̀n rí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí obìnrin náà ti ń ṣọ̀gá, "ẹ" ló ń fi bá a sọ̀rọ̀, òun náà sì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n.

Ní ọdún kejì àìsàn bàbá, pápá àwọn abo kò dára mọ́. Wọ́n ti jẹ koríko rẹ̀ délẹ̀, ojú ilẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀. Pápá àwọn ọ̀dá ní tirẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀gá Kékeré ti lọ sí ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta kan nípa ìtọ́jú ẹṣin, wọ́n sì ti sọ fún wọn níbẹ̀ pé ẹranko tó máa ń rìn lágbo ni ẹṣin, àti pé ọ̀pọ̀ ọ̀dá àti abo máa ń gbé pọ̀ láìsí wàhálà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n sọ ìyókù náà, ṣùgbọ́n etí tó ti gbọ́ ohun tó ń wù ú kì í sábà dúró gbọ́ ìyókù.

Ó mú òróró, ó fi rẹ àgádágodo, ó ṣí i.

Pẹ̀lẹ́ dúró tì í pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá Kékeré, Bàbá ò ní fẹ́ eléyìí o."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Bàbá ti sọ ìdí rẹ̀ fún yín rí?"

"Wọn ò sọ ọ́ rí."

"Èmi náà, wọn ò sọ ọ́ fún mi."

Ó ti géètì náà sẹ́yìn, ó fi okùn so ó mọ́ òpó kó má bàa padà. Kò sọ fún bàbá. Fèrèsé yàrá iwájú kò kọjú sí pápá, ó sì rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò sídìí láti da ọkàn aláìsàn láàmú.

Oṣù méjì gbáko, nǹkan ń lọ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Àwọn ẹṣin kọ́kọ́ gbóòórùn ara wọn, wọ́n han, wọ́n fẹsẹ̀ janlẹ̀, ó sì tán síbẹ̀. Ẹfun, ẹṣin funfun tí bàbá fúnra rẹ̀ máa ń gùn, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlélógún tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, yan abo kan lọ́rẹ̀ẹ́. Wúrà ni wọ́n ń pe abo náà, ọmọ ọdún márùn-ún ni, awọ rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná. Ẹfun kò béèrè nǹkan lọ́wọ́ Wúrà ju kó bá òun fi ìrù lé eṣinṣin lọ. Ọ̀gá Kékeré máa ń dúró lẹ́bàá ọgbà láàárọ̀, á máa wò wọ́n, inú rẹ̀ á dùn. Ó ń rò ó pé òun ti tún nǹkan kan ṣe nínú ilé náà.

Ìgbà náà ló ra Balógun.

Ọ̀dá dúdú ni Balógun, ó ga, ó lẹ́wà, ó sì tutù lábẹ́ gàárì bí àdàbà. Ẹni tó tà á ń kó lọ sílùú mìíràn. Ọ̀gá Kékeré wo eyín rẹ̀, ó wo pátákò rẹ̀, ó gùn ún yípo lẹ́ẹ̀mẹta. Kò béèrè ọjọ́ orí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ta ló máa ń béèrè ìyẹn?

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí koríko sì hù, ara àwọn abo yí padà. Wúrà ni tirẹ̀ kọ́kọ́ hàn. Ó ń gbé ìrù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fara ti òpó, ó ń wá akọ. Àwọn ọ̀dá yòókù wò ó, wọ́n sì padà sídìí koríko wọn. Balógun ní tirẹ̀ ká ètè òkè sókè, ó na ọrùn, ó sì kígbe kan tí Pẹ̀lẹ́ fi jáde láti inú ilé oúnjẹ ẹran. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti gun Wúrà lójú àwọn ọmọ mẹ́fà tó wá kọ́ ẹṣin.

Ìyá ọmọ kan yíjú sí Ọ̀gá Kékeré. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ẹ ní wọ́n ti tẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, mà."

"Ẹ bá mi sọ fún un, torí ó jọ pé òun ò tíì gbọ́."

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Kékeré náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Pẹ̀lẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń wò yàtọ̀. Ó ń wo bí Balógun ṣe sọ̀ kalẹ̀, tó tẹ orí sílẹ̀ bí ejò, tó wá ń da àwọn abo márààrún lọ sí igun pápá, tó sì yí padà dúró síwájú wọn.

Dókítà ẹranko wá lọ́jọ́ kejì. Obìnrin tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò ni. Ó gba ẹ̀jẹ̀ Balógun lọ, torí nígbà mìíràn, ẹni tó tẹ ẹṣin lè fi kóró ẹpọ̀n kan sílẹ̀ nínú ikùn rẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó pè lórí fóònù.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo bá ẹni tó tà á sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ti gun abo fún bí ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó gé e. Ọ̀bẹ mú kóró lọ, kò mú ìrántí lọ."

"Ṣé yóò ṣíwọ́?"

"Ó lè má ṣíwọ́ láéláé. Ẹ mú un kúrò láàárín àwọn abo. Gígùn tó ń gùn wọ́n lè kó ìdọ̀tí wọ inú ilé ọmọ wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn ṣì kéré. Ìṣọ́ tó ń ṣọ́ wọn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹṣin tó bá gbà pé òun ló ni abo, yóò bá ọ̀dá yòókù jà. Kì í wo ọjọ́ orí."

"Mo gbọ́ yín. Ẹ ṣé, dókítà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti mú Balógun kúrò, ó gbọ́dọ̀ dá gbogbo wọn padà sí bí bàbá ṣe tò wọ́n, ní ìṣójú Pẹ̀lẹ́, àti ní ìṣójú àwọn òbí tó ti sọ fún pé ọ̀nà àtijọ́ kò bá ìgbà mu mọ́. Ìdíje àwọn ọmọ tó ń kọ́ ẹṣin sì máa wáyé lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun yóò ṣe é lọ́jọ́ Ajé. Ó ní tí ara Wúrà bá ti rọlẹ̀, Balógun náà yóò rọlẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ẹfun rìn lọ síbi agbada omi. Wúrà wà níbẹ̀. Ẹfun lọ síbẹ̀ bó ṣe máa ń lọ lójoojúmọ́, ó fi imú kan ọrùn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Kékeré wà lẹ́nu ilé ẹṣin pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ó rí Balógun tó ti ìdajì pápá gbéra, tó ti lẹ etí mọ́ orí, tó la ẹnu. Ó pariwo. Ẹfun náà rí i, ó yí, ó sá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọdún méjìlélógún kò lè sá fún ẹsẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án. Ó sá lọ sí igun tí ọgbà méjì ti pàdé, níbi tí kò ti sí ọ̀nà àbájáde. Balógun yí ìdí sí i, ó sì fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì gbá a. Ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ẹ̀ka igi gbígbẹ bá ṣẹ́.

Pẹ̀lẹ́ fi pákó lé Balógun kúrò. Nígbà tí Ọ̀gá Kékeré dé ibẹ̀, Ẹfun dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì dìrọ̀dìrọ̀ láti orókún. Òógùn ti bo gbogbo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dún.

Dókítà dé láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ó wo ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó wo Ọ̀gá Kékeré, ó mi orí. Ọ̀gá Kékeré di orí ẹṣin náà mú mọ́ àyà rẹ̀, Pẹ̀lẹ́ gbé ọwọ́ lé ẹṣin náà léjìká. "Pẹ̀lẹ́," ó ń sọ. "Pẹ̀lẹ́, baba. Pẹ̀lẹ́." Nígbà tí dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, Ẹfun mí kanlẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì dùbúlẹ̀ sínú koríko tútù.

Wọ́n fi tapólì bò ó. Wọ́n kó àwọn abo padà sí pápá tiwọn, wọ́n sì ti géètì. Ìgbà tó yá, Pẹ̀lẹ́ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

Ó ní, "Ẹni tó máa sọ fún Bàbá ńkọ́?"

"Èmi ni."

"Ẹ sọ pé èmi ni mo gbàgbé géètì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Àgbàlagbà ni mí, mo lè gbàgbé nǹkan. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀yin ni, ó lè pa wọ́n."

Ọ̀gá Kékeré gbọn koríko kúrò láṣọ rẹ̀. Ó wọlé lọ.

Bàbá wà lórí àga onítáyà rẹ̀, aṣọ wà lórí itan rẹ̀, rédíò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọmọ rẹ̀ pa rédíò náà. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó mú ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn.

"Bàbá, Ẹfun ti kú."

Bàbá wò ó. Ẹnu rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. "Bá… wo?"

"Ọ̀dá tuntun yẹn ló gbá a. Ó ń ṣọ́ àwọn abo. Wọ́n gbàgbé géètì àárín ní ṣíṣí."

"Ta?"

Ọ̀rọ̀ náà jáde kó tó mọ̀ pé òun ti la ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ ni."

Omi bọ́ lójú bàbá. Ọmọ rẹ̀ ń dúró kó sọ pé kí wọ́n lé Pẹ̀lẹ́ lọ. Ó ti ń to ẹ̀bẹ̀ tó máa bẹ̀ ẹ́ sọ́kàn. Ṣùgbọ́n bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fi dùn ún.

"Má… lé e."

"Mi ò ní lé wọn, Bàbá."

"Èmi… lé… àbúrò mi."

Ọ̀gá Kékeré mọ̀ nípa àbúrò bàbá, bí ọmọdé ṣe ń mọ ohun tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn sọ. Bàbá Kékeré ló ń pè é. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń súfèé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà tó rí i tó gbé àpótí kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tó sì lọ láìbojúwẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n sọ nílé ni pé ó jẹ́ kí ọ̀dá kan wọlé bá àwọn abo, ọ̀dá náà sì ta abo aboyún kan tí bàbá àgbà fẹ́ràn ju gbogbo ẹṣin yòókù lọ, òun àti ọmọ inú rẹ̀ kú. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, òun náà kò sì so ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ òfin géètì rí.

Gbogbo ọ̀sán yẹn ni bàbá fi sọ ìyókù. Á sọ ọ̀rọ̀ kan, á sinmi, á wá èyí tó kàn. Bí ọ̀rọ̀ bá fò ó lọ, á fi ìka kọ lẹ́tà rẹ̀ sórí aṣọ itan rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ń tún un sọ láti mọ̀ bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tó fi máa parí, gbólóhùn márùn-ún péré ni gbogbo rẹ̀. Bàbá àgbà ló ni ilé ẹṣin nígbà náà. Bàbá àti àbúrò rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kánjú, kò fẹ́ rìn yípo, ó sì gba géètì àárín kọjá láì tì í padà. Àbúrò rẹ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi, òun kò sì sọ òtítọ́.

"Èmi… ni mo… ṣí i."

Ọ̀gá Kékeré wá rí i pé òun kò tíì dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Bàbá, mo purọ́ fún yín. Ẹ̀gbọ́n Pẹ̀lẹ́ ò lọ́wọ́ sí i. Wọ́n kìlọ̀ fún mi pàápàá. Èmi ni mo ṣí géètì, ó ti lé lóṣù mẹ́rin. Dókítà ní kí n mú ẹṣin yẹn kúrò, mo ní ó di ọjọ́ Ajé."

Ó gbórí sókè pé kí ìbínú dé. Bàbá wò ó títí, bí ẹni tó ń wo ojú ara rẹ̀ nínú omi. Kò bínú. Kò sì sọ pé kò burú, torí ó burú. Ó tọ́ka sí ilẹ̀kùn.

"Lọ… sọ… fún un."

Pẹ̀lẹ́ ń gbá ilé Ẹfun, ibi tí kò sí ẹṣin mọ́. Ọ̀gá Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: bó ṣe fi orúkọ rẹ̀ purọ́, àti bó ṣe padà sọ òtítọ́. Pẹ̀lẹ́ ń gbá ilẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Mo ní kí o sọ ọ́," ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ láti ọdún méjì. "Mi ò mọ̀ pé wàá sọ ọ́."

"Ẹ dárí jì mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo ti gbọ́." Ó mú ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Jẹ́ kí n parí ibí."

Ó tó oṣù kan kí ọ̀rọ̀ wọn tó tún wọ̀ dáadáa. Pẹ̀lẹ́ ń wá síbi iṣẹ́, ó ń ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n fún ẹṣin nìkan ni "pẹ̀lẹ́" ń dún.

Bàbá kò sinmi lórí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré béèrè títí, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń rán gàárì, tó mọ ibi tí ọkùnrin náà ń gbé. Ó pè é. Bàbá Kékeré ló gbé fóònù, ó sì gbọ́ pé bàbá ń wá òun. Ó ní òun á rò ó. Ọjọ́ Àìkú kejì lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ṣí fìlà náà kó tó wọlé.

Ó jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, orókún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀. "Èmi… ni mo…"

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo wà lójú fèrèsé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo rí yín."

Ọ̀gá Kékeré kò lè mú un mọ́ra. "Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Bàbá Kékeré?"

Ọkùnrin náà ń yí fìlà rẹ̀ po lórí itan. "Mo rò pé wọ́n á sọ ọ́ fúnra wọn lọ́jọ́ kejì. Bí mo bá sọ ọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, á dà bí ìgbà tí mo fẹ́ já ìpò wọn gbà. Nígbà tí ọjọ́ kejì kọjá, mo ní ó di ọjọ́ kẹta. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n rèé."

Bàbá ń sunkún láìsí ariwo. Àbúrò rẹ̀ kò sọ pé òun ti dárí jì í, kò sì sọ pé òun ò dárí jì í. Ó dìde, ó ní kí ọmọ fi pápá han òun.

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò. Òun, Pẹ̀lẹ́ àti Ọ̀gá Kékeré ri ọgbà kejì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n fi àyè ẹsẹ̀ mẹ́wàá sáàárín méjèèjì kí imú ẹṣin má bàa kan imú ẹṣin. Wọ́n yọ géètì àárín kúrò, wọ́n fi igi dí ojú rẹ̀. Wọ́n fi Balógun àti ọ̀dá méjì tó lágbára tó o sójú kan ní ìparí pápá, níbi tí kò ti lè rí abo kankan. Nígbà tí kò rí nǹkan ṣọ́ mọ́, ara rẹ̀ rọ̀. Ọ̀dá kan tí wọ́n tẹ̀ nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún kan, tí kò bìkítà fún abo rí, ni wọ́n jẹ́ kó máa bá àwọn abo gbé, wọ́n sì ń mú un kúrò ní gbogbo ìgbà tí ara abo bá yí. Ọ̀gá Kékeré kọ òfin náà sórí pátákó nínú ilé oúnjẹ ẹran. Ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ, òfin ló kọ tẹ̀ lé e, orúkọ ara rẹ̀ sì wà nínú ìdí náà, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa béèrè láìrí ìdáhùn.

Bàbá Kékeré padà wá lẹ́ẹ̀mejì kí bàbá tó kú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀kan kò lè sọ ọ́, èkejì ti dákẹ́ pẹ́ jù. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ó ní irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n òun ti kún jù. Ó ní kí wọ́n bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Ọ̀gá Kékeré di abọ́ náà mú, ó sì ń wo àbúrò bàbá rẹ̀ bó ṣe fi ìka méjì gbé àgbọ̀n arúgbó náà sókè, tó ń fi abẹ fá a díẹ̀díẹ̀, láti etí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń nu ọṣẹ kúrò, tó tún ń padà sórí ibi tó kù.